Ta Ni Yóò Mú Aláìlera Jáde Kúrò Nínú Ilé Ìnira?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ẹ̀dá ní oríṣiríṣi, tí kò fi ẹsẹ̀ tí ó gún tàbí ojú tí ó ríran wọn iyì ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Rẹ̀ nìkan. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.



Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ilé gan-an ni ẹ̀gún wà ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ dá pé, tí owó sì wà lápò rẹ̀, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò rìn dé Fadéyì, yóò wọ ọkọ̀, ó parí. Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ láìsí ọ̀pá, ẹni tí kò rí ojú ọ̀nà, ẹni tí kò gbọ́ ohun tí awakọ̀ ń wí, tí kò sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ibo ni yóò gbà? Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, orí àṣìṣe ti èmi fúnra mi ni mo sì fẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí a ti kírun tán tí àwọn ènìyàn ń túká, arábìnrin kan ránṣẹ́ pè mí láti ẹnu géètì mọ́ṣáláṣí. Kì í ṣe pé kò mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà; àtẹ̀gùn mẹ́fà ni ó wà láàárín òun àti ibi tí mo jókòó sí, kò sì lè gùn ún. Ọmọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un ní ẹsẹ̀ méjèèjì láti kékeré, ọ̀pá méjì ni ó sì fi ń rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ká ìwé, kí ó máa tò ó, kí ó sì máa fi abẹ́rẹ́ rán an fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ bí àwọn atẹ̀wé ti pọ̀ tó níbẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń gbé ní Bàríga láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú.

Ohun tí ó sọ fún mi kò gùn. Ó ní gbogbo owó tí òun bá gbà ní ìparí ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun ń gbà lọ́wọ́ òun, pé owó oúnjẹ ni. Ó ní ọjọ́ tí òun bá béèrè díẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí òun bá dá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun lóhùn, wọn a gbé ọ̀pá òun méjèèjì, wọn a tì wọ́n mọ́ yàrá. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni ilé náà, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbẹ̀ sì wà. Ó wò mí lójú, ó ní: “Bàbá Ìmáàmù, bí wọ́n bá ti ọ̀pá mi mọ́lé, ìdí ni mo fi ń wọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lójú gbogbo ayálégbé, kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé.”

Kí ni mo ṣe? Mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Ẹni tí ó máa ń wà ní sàfù àkọ́kọ́ ni, tí kì í gbẹ́yìn bí a bá ń dáwó fún iṣẹ́ ẹ̀sìn. Mo ránṣẹ́ pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo sì ka ẹjọ́ tí àbúrò rẹ̀ wá rò fún mi sí i létí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní ìbínú ni. Mo wàásù fún un, mo ṣàdúà fún un. Mo sì ránṣẹ́ sí arábìnrin náà pé kí ó ṣe sùúrù, nítorí àbúrò kì í kọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Mo lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé mo ti làjà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni a kò fi ojú kàn án mọ́. Ìyà ẹjọ́ tí ó wá rò fún mi ni wọ́n fi jẹ ẹ́: wọ́n gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ fi lé ọwọ́ ẹni tí ó ń ni ín lára. Mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo sì ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ arábìnrin náà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síhìn-ín ni pé mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ìmáàmù tí ó ti ṣe irú rẹ̀.

SÙÚRÙ TÍ A FI Ń DE ÈNÌYÀN MỌ́LẸ̀

Ní ilé-kéwú ni wọ́n ti kọ́ wa pé sùúrù jẹ́ ìdajì ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa tún kọ́ wa pé sùúrù ní ààyè tirẹ̀. Sùúrù wà fún ohun tí Ọlọ́hun kádàrá tí ọwọ́ ẹ̀dá kò ká. Àrùn tí ó mú arábìnrin náà ní ẹsẹ̀ jẹ́ kádàrá. Ó ti ní sùúrù sí i láti kékeré, kò sì bínú sí Ọlọ́hun. Ọwọ́ tí ó ti ọ̀pá rẹ̀ mọ́ yàrá kì í ṣe kádàrá, ìwà àbòsí ni. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kò ní kí a ní sùúrù fún alábòsí; ó ní kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú, àti pé dídì tí a bá di ọwọ́ rẹ̀ mú ni ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe fún òun náà.

Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹni tí ara rẹ̀ pé bá wá fi ẹjọ́ ilé rẹ̀ sùn, a máa ń bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Bí akàndá ẹ̀dá bá wá, a máa ń sọ fún un pé kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á sílé. A sọ ilé tí ó ń gbé di sàráà, a sì sọ òun di ẹni tí kò gbọdọ̀ ráhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ. Ta ni ó ń bọ́ ta?

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ kan ni èyí. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 ènìyàn ni ó ní àléébù ara tí ó lágbára káàkiri ayé, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ irú ti àtilẹ̀bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó mú kí ọjọ́ náà tó dé ti di àgbà báyìí, wọ́n wà láàárín wa, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Àwa tí ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì sì wà ní ẹ̀bá wa láti ọdún 1945, àwa gan-an ni ó yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀kadà kan ṣoṣo ti tó láti sọ ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì jáde ní òwúrọ̀ di ẹni tí yóò máa fi ọ̀pá rìn.

ÌDÁJỌ́ ỌLỌ́HUN LÓRÍ ẸNI TÍ KÒ LÈ KÚRÒ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí inú Àlùkùránì. Ní ọdún 622, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, àwọn kan kò lọ. Nínú Súúrà An-Nisaa, láti ẹsẹ 97 dé 99, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ẹni tí ó lágbára láti kúrò nílé ìnira, tí ó jókòó síbẹ̀ títí ó fi ṣàbòsí fún ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn mọ̀láíkà yóò bi í léèrè, ṣé ilẹ̀ Ọlọ́hun kò fẹ̀ tó ni. Lẹ́yìn èyí ni Ọlọ́hun wá yọ àwọn kan sọ́tọ̀: àwọn aláìlera lọ́kùnrin, lóbìnrin àti àwọn ọmọdé, tí wọn kò ní ọgbọ́n kankan tí wọ́n lè dá, tí wọn kò sì mọ ọ̀nà. Ó ṣèlérí àmójúkúrò fún wọn. Abdullah ọmọ Abbas máa ń sọ pé òun àti ìyá òun wà lára àwọn tí Ọlọ́hun gba àwáwí wọn yìí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe wẹ́kú. Ohun méjì ni Ọlọ́hun dárúkọ: kí ènìyàn má ní ọgbọ́n tí yóò dá, kí ó má sì mọ ọ̀nà. Kí ni ó tún kù nínú ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá tí kò lówó? Ẹni tí ó bá ń fi ojú ẹ̀sùn wò ó pé “bí ilé náà bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò kúrò?” ń béèrè ohun tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Nínú Súúrà yìí kan náà, ní ẹsẹ 75, àdúà àwọn aláìlera wọ̀nyí ni Ọlọ́hun mẹ́nu bà: wọ́n ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó mú àwọn jáde kúrò ní ìlú àwọn alábòsí, kí Ó sì gbé alátìlẹ́yìn dìde fún àwọn. Àwọn tí ó lágbára sì ni Ọlọ́hun ń bi léèrè pé kí ni ó ń dá wọn dúró. Nítorí náà, ẹrù tí Ọlọ́hun sọ̀ kúrò lórí aláìlera kò ṣubú sílẹ̀ lásán. Orí ẹni tí ó lágbára ni ó gbé e kà. Bí arábìnrin kan bá ń ṣàdúà lóru ní Bàríga pé kí Ọlọ́hun rán ẹni tí yóò mú òun jáde, tí ìwọ sì ní ọkọ̀, ní yàrá, tàbí ní owó sàká nílé, bóyá ìwọ ni ìdáhùn àdúà náà, tí o sì sùn.

ÀWỌN ÀWÁWÍ WA

Èkíní, a máa ń sọ pé kí a má ja okùn ìbí. Jíjá okùn ìbí burú, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀sìn ti sọ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni ẹbí gbọ́dọ̀ wà. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kúrò ní Mẹ́kà, ìlú àwọn ẹbí rẹ̀, kò sì jẹ́ ajákùn ìbí. Ẹni tí ó wà nínú yàrá tirẹ̀, tí ara sì tù, lè kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìdí wọ́ lọ sí ilé ìgbẹ̀ kò lè fẹ́ràn ẹni tí ó ti ọ̀pá rẹ̀ mọ́lé.

Èkejì, a máa ń sọ pé kí a má tú àṣírí ilé síta. Ẹ rántí Khawlah ọmọ Tha‘labah, tí ó wá fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sun Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọlọ́hun kò bá a wí pé ó tú àṣírí; Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, Ó sì sọ odidi súúrà kan kalẹ̀ tí ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Súúrà Al-Mujaadilah.

Ẹ̀kẹta, àwọn kan lára wa ń sọ pé kí Mùsùlùmí má gbé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí lọ bá ìjọba. Ní nǹkan bí ọdún 615, Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó darí àwọn sàhábé tí a ń ni lára sí ilẹ̀ Habashah, ní abẹ́ ọba tí ó jẹ́ Nàsárà, nítorí pé ọba náà kì í ṣàbòsí fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá tọ́ kí àwọn sàhábé wá ààbò lábẹ́ ọba tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kí ni ó burú nínú kí arábìnrin wa wá ààbò lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó?

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé òfin wà. Láti ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó ń dáàbò bo ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé. Lílù nìkan kọ́ ni òfin náà pè ní ìwà ipá. Ó ka fífi ebi pa ènìyàn, èébú àti ìdẹ́rùbà mọ́ ọn, ó sì ka ìnilára nípa owó náà mọ́ ọn. Ọkọ àti aya nìkan kọ́ ni ó sì wà fún. Ẹbí tí ó ń gbé pọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ń ni lára lè bẹ ilé ẹjọ́ fún àṣẹ ààbò, adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ń ni ènìyàn lára jìnnà sí i, tàbí kí ó jáde kúrò nínú ilé náà pàápàá. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ fún ọ̀rọ̀ wa ni pé ẹlòmíràn lè gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ fún un, bí ó bá ti fi ìwé fọwọ́ sí i: olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìlera, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn, tàbí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lógún. Ẹgbẹ́ bíi tiwa wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2011, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin mìíràn fún àwọn akàndá ẹ̀dá, òun ni ó sì dá ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní LASODA. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka fífi ojú tín-ín-rín wo akàndá ẹ̀dá sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìjìyà. Ní ọdún 2021, òfin sọ ikọ̀ tí ó ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé ní Èkó láti ọdún 2014 di àjọ pátápátá. DSVA ni a ń pè é. A kì í sanwó láti pè wọ́n: 08000333333 ni nọ́ńbà wọn. Bí ewu bá dé ojú ẹsẹ̀, 112 tàbí 767 ni a ń pè ní Èkó. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè tọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àwọn aláìní lọ, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, tí a mọ̀ sí OPD. Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni náà wà. Ní ọdún 2001 ni Project Alert ṣí ibùgbé ààbò fún àwọn obìnrin, tí ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Mi ò sọ pé ọ̀nà wọ̀nyí tẹ́jú. Nígbà tí a ń wá ibi tí arábìnrin wa yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, ibùgbé kan tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ gbà láti mú un, ṣùgbọ́n àjà kejì ni àwọn yàrá rẹ̀ wà. Ilé tí a kọ́ fún ẹni tí ń sá àsálà, kò sí ẹni tí ó rántí pé ẹni tí kò lè sáré náà lè fẹ́ sá. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé ìjọba nìkan kò tó, àwa náà ní iṣẹ́ láti ṣe.

OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀

Kì í ṣe èmi ni mo yọ arábìnrin náà. Àlàájà kan tí ó ń ta bébà ní Ṣómólú ni Ọlọ́hun lò. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kò pariwo, kò sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di bébà jọ, ó gbé e lọ sí Bàríga, ó ní iṣẹ́ kán òun lójú, kí ọmọ náà máa bá òun ká a nílé. Ẹ̀gbọ́n rí owó, ó gbà. Láti ọjọ́ náà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni Àlàájà ń lọ, nínú iṣẹ́ ìwé kíká ni wọ́n sì ti ń fẹnu kẹ́lẹ́ gbèrò.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ètò Àlàájà yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ wa mọ̀, nítorí ó lè kan ẹni tí ẹ mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé: ìwé ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti NIN, káàdì ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ jáde nílé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láàárín bébà. Ó fi apá kan owó iṣẹ́ ọmọ náà pamọ́ fún un, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà sí àríyànjiyàn. Ó bá a wá ọ̀pá méjì mìíràn, ó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí bí wọ́n bá ti ti ọ̀pá mọ́lé ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jáde, gbogbo ètò ti bàjẹ́. Ó wá yàrá sísàlẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn, tí ilé ìgbẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Ó wá fi tó ènìyàn méjì péré létí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti lọ síbi iṣẹ́, ó gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì jáde. Oṣù méjì ni ìmúrasílẹ̀ gbà, ogún ìṣẹ́jú ni ìrìn náà gbà.

Lẹ́yìn tí ó ti wà ní ibi ààbò ni a tó fi ẹjọ́ náà tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba létí, àwọn ni wọ́n sì kọ̀wé pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti tò ó: ààbò kọ́kọ́, ẹjọ́ lẹ́yìn. Èmi ni mo ti fi ẹjọ́ ṣáájú ààbò. Bákan náà, kí ẹ mọ̀ pé ìlàjà dára fún ìjà ààlà àti ìjà owó. Kò dára fún ẹni tí yóò padà sùn lábẹ́ òrùlé ẹni tí ó wá fi sùn.

SÀKÁ WA DÀ?

Ohun tí ó kù ni owó, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ gan-an. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó dá owó ilé arábìnrin náà. Owó ilé ọdún kan, owó aṣojú onílé, owó ìwé àdéhùn, ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń gba ti ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, láti ibo ni yóò ti rí i? Òfin ilé yíyá tí Èkó ṣe ní ọdún 2011 ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀, ṣùgbọ́n owó ọdún kan náà ti tó láti de aláìní mọ́ ilé ìnira. Àìlówó ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà gan-an.

Nínú Súúrà At-Tawbah, ẹsẹ 60, ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ ni Ọlọ́hun pín sàká fún. Aláìní àti tálákà ni Ó fi ṣíwájú gbogbo wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kì í ṣe àánú wa. Ìtàn tí Tabari kọ sọ fún wa pé Al-Walid ọmọ Abdul-Malik, tí ó jọba láti ọdún 705 sí 715, fún gbogbo arọ ní ìránṣẹ́, ó fún gbogbo afọ́jú ní amọ̀nà, ó sì pín owó fún àwọn adẹ́tẹ̀ kí wọ́n má baà tọrọ jẹ. Láti inú àpò Mùsùlùmí ni ó ti san án, ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún àti ọ̀ọ́dúnrún sẹ́yìn. Àwa tí a wà ní Èkó lónìí, lẹ́yìn tí a bá ti gba sàká tán, ìrẹsì àti òróró ni a máa ń pín nínú oṣù Ramadan, tí a óò sì ya fọ́tò. Ìrẹsì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ìrẹsì lọ sí ilé tí wọ́n ti ń ni ín lára, àwọn tí ó ń ni ín lára ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ń gbé síwájú ẹ̀ka wa ní Ṣómólú àti Bàríga, kí àwọn ẹ̀ka yòókù gbé e yẹ̀ wò. Èkíní, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú sàká ọdọọdún fún owó ilé ẹni tí ó ń sá kúrò nílé ìnira, pàápàá akàndá ẹ̀dá, kí ó wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí yóò wúlò, kí a má ṣe máa dáwó nígbà tí ilé ti ń jó. Èkejì, kí a yan obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí wọn yóò máa gbọ́ irú ẹjọ́ wọ̀nyí, kí ọ̀kan nínú wọn sì kọ́ èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ; ohun tí wọ́n bá gbọ́ kò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni, ìmáàmù pàápàá kò yọ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ gbà. Ẹ̀kẹta, kí ìmáàmù kankan má ṣe ránṣẹ́ pe ẹni tí a fi sùn nígbà tí ẹni tí ó fi í sùn ṣì wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé sàfù àkọ́kọ́ ni ó ti ń kírun, ìbáà jẹ́ pé òun ni ó ra kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀kẹrin, àtẹ̀gùn mẹ́fà wọ̀nyẹn. Òfin ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Abdullah ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí Ọlọ́hun tìtorí rẹ̀ bá Ànábì wí nínú Súúrà Abasa, ladani ni ní Mẹ̀dínà, a sì máa dá ìlú náà dúró fún Ànábì nígbà tí ó bá rin ìrìn-àjò. Ǹjẹ́ bí ó bá jẹ́ pé arọ ni, tí ó sì wá sí mọ́ṣáláṣí wa, ṣé kì í ṣe ẹnu géètì ni yóò ti máa pe ìrun?

Arábìnrin náà ṣì wà ní Ṣómólú. Ó ṣì ń ká ìwé, owó rẹ̀ sì ń dé ọwọ́ rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ Iléyá tí ó kọjá, ó ránṣẹ́ kí i, ẹ̀gbọ́n náà sì fi ẹran ránṣẹ́. Mo bi í nígbà kan pé kí ni ó kọ́kọ́ ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé yàrá rẹ̀. Ó ní òun gbé ọ̀pá òun méjèèjì tì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi tí ọwọ́ òun ti lè tó o lóru, òun sì jí ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹni mìíràn wà ní òru òní tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ọ̀pá rẹ̀. Ẹ wá a kàn kí Ọlọ́hun tó bi wá léèrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá níbi tí a ti kùnà. Kí Ó sọ wá di alátìlẹ́yìn fún àwọn aláìlera, kí Ó má sọ wá di olùrànlọ́wọ́ alábòsí. Kí Ó fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé ìnira ní ọ̀nà àbájáde, kí Ó sì jẹ́ kí àwa jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà náà. Àmín.